Ọ̀yọ́túnjí: Ìletò Kékeré Kan ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọ̀fà

Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlú òkèèrè kan, mo mọ̀ pé London tàbí New York ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí. Ìletò ni mo mú wá. Ilẹ̀ tí ó jókòó lé kò ju éékà 27 lọ. Oko àwọn mìíràn tí wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí tóbi jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí kà á sí ohun yẹpẹrẹ. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó kì í ṣe ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò sì gbọ́ èdè Yorùbá lẹ́nu ìyá wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yàn án pé Yorùbá ni àwọn yóò jẹ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni pé, irú ènìyàn wo ni kí àwa tí a bí sí inú rẹ̀ ka irú wọn sí?

Ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni ìletò náà wà, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Bí ènìyàn bá gba títì tí wọ́n ń pè ní 17 láti Charleston lọ sí Savannah, yóò kan ibi tí a ń pè ní Sheldon, ní àgbègbè Beaufort. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, tí ó kún fún irà àti odò tí omi òkun ń wọ inú rẹ̀. Ooru ibẹ̀ ní oṣù Keje kò ṣe àjèjì sí ará Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn. Lára àwọn igi óákù ńláńlá ni koríko funfun ti ń ṣẹ̀rọ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Ìrẹsì ni àwọn òyìnbó olóko fi di ọlọ́rọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, ènìyàn dúdú ni ó sì gbìn ín. Lórí odò Combahee, tí ó ṣàn létí àgbègbè náà, ni obìnrin akíkanjú nì, Harriet Tubman, ti bá àwọn ọmọ ogun gòkè lọ ní oṣù Kẹfà 1863, tí wọ́n sì kó ẹrú tí ó lé ní 700 jáde sínú òmìnira lóru ọjọ́ kan.

Ní Sheldon yìí kan náà ni ahoro ilé ìjọsìn àtijọ́ kan wà. Àwọn olóko ìrẹsì ni ó kọ́ ọ. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti iná bọ̀ ọ́ ní 1779. A tún un kọ́, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti 1861 sí 1865 sì tún sọ ọ́ di ahoro. Ògiri bíríkì rẹ̀ àti àwọn òpó rẹ̀ nìkan ni ó kù lábẹ́ igi. Èmi tí mo jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò lè kọjá ibi ahoro yìí nínú ìwé láìdúró. Àwọn tí ń kọrin ìyìn nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ra ènìyàn, tí wọ́n ń tà á. Kò sì jìnnà síbẹ̀ tí àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú fi wá kọ́ ojúbọ Ọbàtálá ní 1970. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dùn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìjọ olóko náà fi kọ́ wọn.

Ẹni tí ó tẹ ìletò náà dó, Walter Eugene King ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n bí i ní Detroit ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1928, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Oníjó ni. Ó bá ẹgbẹ́ Katherine Dunham jó, obìnrin tí ó lọ kọ́ ijó àwọn ará Haiti tí ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé wò. Ní 1954 òun pẹ̀lú lọ sí Haiti. Ní oṣù Kẹjọ 1959 ó lọ sí Matanzas ní Cuba, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ di àwòrò Ọbàtálá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Cuba, nítorí bí kò bá sí Cuba, kò lè sí Ọ̀yọ́túnjí. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀. Lẹ́yìn àkókò yẹn gan-an ni ogun tí ó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká gbóná, tí a sì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí etíkun bí ẹni ń da ẹran. Cuba àti Brazil ni ó gba púpọ̀ nínú wọn. Díẹ̀ ni ó dé Amẹ́ríkà. Ní Cuba a ń pè wọ́n ní Lukumí, èyí tí àwọn mìíràn sọ pé láti inú "olùkù mi" ni ó ti wá. Wọ́n fi òrìṣà pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì: Ṣàngó wọ aṣọ Bábárà Mímọ́, Ọ̀ṣun sì di Màríà ti El Cobre. Ọgbọ́n ẹni tí a dè lọ́wọ́ ni èyí, òun ni kò sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n gbé lọ parun.

King gba ti òrìṣà lọ́wọ́ wọn, ó kọ ti ẹni mímọ́. Ó padà sí Harlem ní New York, ó ṣí ilé Ṣàngó ní 1959, nígbà tí ó sì di 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó dá ilé ìsìn mìíràn sílẹ̀ tí ó fi orúkọ Yorùbá pè. Wọ́n wọ dàńṣíkí, wọ́n ń lu ìlù jáde sí ìgboro. Inú àwọn ará Cuba tí wọ́n wà ní New York kò dùn sí i. Ohun tí baba wọn fi ìran púpọ̀ bò mọ́lẹ̀ kí ó má baà kú, ọkùnrin yìí ń gbé e kiri ojú títì ní ọ̀sán gangan. Lójú tèmi, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú wọn. Ẹni tí ó ti sá pamọ́ rí àti ẹni tí kò fẹ́ sá pamọ́ mọ́ kì í rí ojú ọjọ́ bákan náà.

Orúkọ tí ó fún ara rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ Nana Oseijeman, orúkọ àwọn ará Gold Coast, nítorí ní 1957 tí Ghana gba òmìnira, ojú gbogbo ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Ó fi Adéfúnmi kún un. Nígbà tí ó yá, ó fi Ẹfúntọ́lá ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹfun Ọbàtálá sì nìyẹn. Bí a bá to àwọn orúkọ náà tẹ̀lé ara wọn, a óò rí ọ̀nà tí ọkùnrin náà rìn, bí ẹni ń wo àtẹ̀lẹsẹ̀ nínú iyanrìn.

Ní 1970 ni òun àti àwọn díẹ̀ tí ó tẹ̀lé e fi New York sílẹ̀ wá sí igbó South Carolina. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí iná ẹ̀lẹ́tíríkì, kò sí omi ẹ̀rọ, ará ìgboro tí kò mọ ọkọ́ mú rí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́ ààfin, wọ́n kọ́ ojúbọ fún Èṣù, Ògún, Ṣàngó, Yemọja, Ọ̀ṣun, Ọya, Olókun. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ Ògbóni sílẹ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n fi orúkọ Mọ́remí pè. Iṣẹ́ ìlú ni kálukú ní láti jáde ṣe. Dókpwè, ọ̀rọ̀ àwọn ará Dàhómè, ni wọ́n fi ń pè é. Ọ̀wẹ̀ ni tiwa. Àwọn ọkùnrin ń fẹ́ ju aya kan lọ, nípa èyí tí èmi kò ní sọ ju pé kì í ṣe ohun tí a óò lọ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn kọ ilà sí ojú. Ẹ wo bí ayé ti yí! Àwa tí a ni ilà ti pa á tì, kò sì dùn mí; ẹni tí kò ní i rí ni ó gba abẹ lójú lágbàlagbà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ṣì í mọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà wọn ni pátákó kan wà, tí ó ń sọ fún àlejò pé ó ń jáde kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ń wọ ìjọba Yorùbá. Ìjọba Amẹ́ríkà kò bá wọn jà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà kò dúró lẹ́nu pátákó náà. Ohun tí wọ́n fi ń jẹun ni owó àwọn àlejò tí ń wá wo ọdún òrìṣà, ọjà kékeré tí wọ́n ń pa, àti Ifá dídá.

Nípa Ifá yìí, ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ gbọ́. Carl Hunt, tí ó tẹ ìwé jáde nípa ìletò náà ní 1979, àti Kamari Clarke, tí tirẹ̀ jáde ní 2004, wà lára àwọn tí a ti mọ ọ̀ràn wọn. Ẹni dúdú Amẹ́ríkà tí ó bá fẹ́ mọ ìran rẹ̀, tí kò ní ìwé, tí kò ní oríkì, tí kò ní ìyá àgbà tí yóò bi, a dá Ifá fún un ní Ọ̀yọ́túnjí, a sì sọ fún un ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti wá. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìtàn kò lè gba èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan ní Ọ̀fà yìí lè kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó sì ki ọmọ ọlọ́dún méjì láti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, láìwo ìwé. Olówó kì í mọ ohun tí tọ́rọ́ kan jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Ní 1972 Adéfúnmi wá sí ilẹ̀ wa, Olúwo Ìjẹun ní Abẹ́òkúta sì tẹ̀ ẹ́ nífá. Nígbà tí ó padà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ kà á sí ọba. Ní 1981, nígbà tí àwọn olórìṣà láti onírúurú ilẹ̀ péjọ sí Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀ọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, Olúbùṣe Kejì, pàṣẹ kí a fi í jọba ní ìlànà ìbílẹ̀. Ọ̀yọ́ ni orúkọ ìlú, Ifẹ̀ ni ó fi ọba rẹ̀ jẹ! Mo rí i pé àwọn ìjòyè kan ń rẹ́rìn-ín lápá ọ̀tún. Wọ́n mọ ohun tí mo ń wí, n kò sì ní wọ inú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọba Adéfúnmi Kìíní wàjà ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 2005. Ọmọ rẹ̀, Adéjùyìgbé, gorí oyè ní ọdún náà gẹ́gẹ́ bí Adéfúnmi Kejì. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún lórí rẹ̀ kí ibi tó dé: ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, wọ́n gún un lọ́bẹ pa nínú ìletò náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fẹ̀ lójú nínú àwùjọ. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá ìlú ni ìlú ń jẹ́, kí ó wò ó ní ọjọ́ tí ọba rẹ̀ kú ikú oró.

Iye wọn kò tó nǹkan. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìletò náà kún jù lọ, nǹkan bí 200 ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dín kù di agbo ilé mélòó kan. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n wá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi jẹ àwòrò níbẹ̀ sì lọ dá ilé òrìṣà tiwọn sílẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà kùnà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọgbà tí ó mú irúgbìn jáde fún oko ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bí ilẹ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ ṣófo.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí ń sọ, pé eré ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe, pé a kì í fi ìfẹ́ inú di Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó. Títí di ọ̀rúndún tí ó kọjá tiwa lẹ́yìn, ta ni baba rẹ̀ ní Ọ̀fà pe ara rẹ̀ ní Yorùbá? Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, orúkọ Yorùbá sì wà fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Ní Saró ni ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ti rí i pé ọ̀kan ni èdè àwọn. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí ìkíni "ẹ kú". Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Láti ọwọ́ òun àti irú rẹ̀ ni orúkọ náà fi tàn ká gbogbo wa. Àwọn tí a gbà nílé lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní orúkọ kan ṣoṣo, láti òkèèrè. Kí ni ó wá ya ará Ọ̀yọ́túnjí sọ́tọ̀?

Ẹ sì wo orúkọ ìletò náà. Ọ̀yọ́ tún jí. Irú orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú baba ńlá rẹ̀ ni, bí Babátúnjí. Ọ̀yọ́ ti jí ní ẹ̀ẹ̀kan kí ó tó jí ní Amẹ́ríkà: láàárín 1830 sí 1840 tí Ọ̀yọ́-Ilé di igbó, Àtìbà gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí Àgọ́-Ọjà, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní eré. Àwa ará Ọ̀fà kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó tẹ̀ wá dó. Ibùjókòó ìlú yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ogun Ìlọrin kó Ọ̀fà, àwọn baba wa fọ́n káàkiri, ìlú dahoro. Wọ́n padà, wọ́n tún un kọ́, nígbà tí ó sì di 1908 ọkọ̀ reluwé bá ènìyàn nílé. Kí ni wọ́n gbé padà bí kò ṣe orúkọ, oyè Ọlọ́fà, èdè, àti ìjàkadì ọdún Onímọ̀ká?

Nínú nǹkan mẹ́rin yìí, èdè ni ó ṣe aláìní jù lọ ní Ọ̀yọ́túnjí. Wọ́n mọ ìkíni, wọ́n mọ orin òrìṣà, wọ́n mọ orúkọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí tí wọ́n sì fi ń ná ọjà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níbí mọ ibi tí ìṣòro gbé wà. Èdè Spéìn kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí tiwa. Àwọn orin tí ó gba Cuba kọjá ti pàdánù tiwọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, a kọ wọ́n sílẹ̀ láìsí àmì. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn rí, báwo ni yóò ti mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, àti ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́? Ó ń kọrin sí òrìṣà rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ fún tàbí ohun tí ó fi ń roko. Ní erékùṣù tí kò jìnnà sí wọn, láàárín àwọn dúdú tí a ń pè ní Gullah, Lorenzo Turner rí orúkọ àti ọ̀rọ̀ Áfíríkà lọ́pọ̀lọpọ̀, Yorùbá wà nínú wọn, ó sì fi wọ́n sínú ìwé ní 1949. Ohùn àwọn arúgbó ni ó gbà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà nìyẹn.

Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ yìí kó ìwé kíkà àwọn ọmọdé tí a fi àmì sí dáadáa jọ, kí a sì gba ohùn àwọn ìyá àgbà mẹ́fà tàbí méje nínú ìlú yìí sílẹ̀: ìkíni òwúrọ̀, oríkì, àló, bí a ti ń bá ọmọ wí, bí a ti ń ná ọjà, kí a fi ránṣẹ́ sí Sheldon. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò kọ ọ̀rọ̀ inú ohùn náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti bá wọn sọ ọ́.

Ẹnì kan yóò ní, ẹgbẹ́ tí Kristẹni àti Mùsùlùmí kún inú rẹ̀ yóò ha máa ran àwọn abọ̀rìṣà lọ́wọ́ bí? Èmi tí mo dúró níwájú yín jẹ́ oníwàásù, a sì máa gba àdúrà. Láti inú èdè Lárúbáwá, lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí, ni Yorùbá ti gba "wàásù" àti "àdúrà". Ẹbọ tí a ń kà nínú Bíbélì, lọ́wọ́ àwọn abọ̀rìṣà ni Crowther ti gbà á. Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀sìn. N kò ní bá wọn bọ Ọbàtálá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ pè é, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é bí ó ti yẹ.

Owó tí a óò ná kò pọ̀. Mo ti fi ìṣirò rẹ̀ sí ọwọ́ Akapò, Alàgbà Alága, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí ìgbìmọ̀ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀.